Àwọn Nọ́mbà Ruth-Aaron

Nọ́mbà Ruth-Aaron ni nọ́mbà méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí àròpọ̀ àwọn nọ́mbà àkọ́kọ́ tí a sọ di púpọ̀ láti rí wọn bá dọ́gba. 2, 3, 7 àti 17 ló bí 714. 5, 11 àti 13 ló bí 715. 29 ni àròpọ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974, ní Atlanta, Hank Aaron, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, lu home run rẹ̀ tó pé 715 nínú eré béísìbọ́ọ̀lù. Ó fi borí 714 ti Babe Ruth, láìka lẹ́tà ìhalẹ̀ ikú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí. Lọ́dún yẹn kan náà ni Carl Pomerance, onímọ̀ ìṣirò, kọ̀wé nípa nọ́mbà méjèèjì. Paul Erdős fi ẹ̀rí hàn pé irú wọn ṣọ̀wọ́n; ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí bóyá wọ́n lópin.