Ojú Irin Kútọnu sí Parakú: Ọ̀nà tí Àwọn Baba Wa Là

Ẹ̀yin ọmọ Akpassi nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ọkọ̀ ojú irin yóò ṣe tún máa gbé èrò láàrin Kútọnu àti Parakú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé: ta ni ó la ọ̀nà náà, kí sì ni wọ́n là á fún?

Ọdún 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, ọdún kan náà tí àwọn Faransé yọ Agoli-Agbo kúrò lórí ìtẹ́ Abomey. Irin náà gba Allada àti Bohicon kọjá, ó sì dé Ìdáàṣà, Glazoué àti Ṣábẹ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ó di 1936 kí ó tó wọ Parakú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Kì í ṣe nítorí ìrìnàjò wa ni wọ́n ṣe là á. Ẹrù ni wọ́n ń wá: ẹ̀kùrọ́, epo pupa, òwú, àti lẹ́yìn náà ẹ̀pà ilẹ̀ Niger tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wá sí Parakú.

Ọwọ́ ta ni wọ́n fi là á? Lọ́wọ́ àwọn ọba àti àwọn baálẹ̀ ni ìjọba ti ń béèrè òṣìṣẹ́. Ọba tí ó bá kọ̀ lè pàdánù ipò rẹ̀. Èyí tí ó bá gbà, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ tí kò wù wọ́n. Títí di 1946 ni òfin fi gba iṣẹ́ àfipáṣe láyè. Nítorí náà, ìtàn ojú irin yìí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn oyè jíjẹ ní ilẹ̀ wa.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn sọ ohun tí a kò ṣe fún wọn di tiwọn. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró di ọjà, bí ti Glazoué. Irin kò dé Akpassi. Ará ìhà ọ̀dọ̀ wa tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní 1959, Dàhòmì àti Niger dá àjọ tí ó wá di OCBN lẹ́yìn náà sílẹ̀ láti bójú tó o. Nígbà tí ó yá, irin gbó, ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ èrò sì dáwọ́ dúró.

Ní 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti so Niamey mọ́ Kútọnu. Ilé-iṣẹ́ Bolloré tẹ́ irin láti Niamey dé Dosso, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ láàrin rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Petrolin. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Petrolin láre ní 2017, iṣẹ́ kò sì tẹ̀ síwájú. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ẹrù Niger ni ọ̀rọ̀ dá lé; díẹ̀ ni a gbọ́ nípa èrò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa. Ojú irin àtijọ́ dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ní 2021, ọkọ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí irin tuntun tí ó jẹ́ 157 kìlómítà láàrin ìlú méjèèjì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pàápàá ti sanwó ọkọ̀ ojú irin rí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ti Èkó lọ ṣe ọdún ní ilé.

Àwa náà mọ ohun tí ọdún ń fà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún iṣu a máa pe àwọn ènìyàn sí Savalou. Ní oṣù náà ni àwọn Kátólíìkì ń rin ìrìnàjò ìjọsìn lọ sí Ìdáàṣà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dù, nítorí Ìdáàṣà ni ọ̀nà ti yà sí Savalou àti Bantẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú irin bá tún dìde, kí àwọn ọba wa àti ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ ketekete: kí a fi ọkọ̀ èrò kún ti ẹrù, kí ọkọ̀ sì wà ní Ìdáàṣà tí yóò máa gbé èrò wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà kan rí, ènìyàn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọba láti la ọ̀nà yìí. Ó tó àkókò kí àwọn ọba náà béèrè ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.