Ojú Ọ̀run Inú Fọ́tò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdí nìyí tí a fi ń gba fọ́tò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ tó ní fóònù ní Ìkòtún lè ya àdúgbò rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ó sì sọ sánmà tó rí bí eérú di aláwọ̀ búlúù láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà kan rò pé ayé fóònù ló mú irú nǹkan báyìí wá. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe. Ohun tó yẹ kí a máa bèèrè ni bóyá ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1855, gíláàsì tí wọ́n fi oògùn pa lójú ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ń lò. Oògùn yìí máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ búlúù ju ti àwọn àwọ̀ yòókù lọ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ àti igi bá hàn dáadáa, ojú ọ̀run á ti funfun báláú, ìkùukùu kò ní hàn rárá. Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ya òkun sí gíláàsì kan, ó ya ìkùukùu sí òmíràn, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan ṣoṣo. Báyìí ló ṣe ṣe àwòrán ìgbì òkun ńlá tó yà ní Sète ní 1857.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, àtúnṣe wà. Olóyè Solomon Osagie Alonge, ayafọ́tò ààfin Ọba Bìní, ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Dúdú àti funfun ni fọ́tò ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ọwọ́ kun àwọn kan ní àwọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò lè ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Stephen Sprague kọ nípa àṣà yìí ní 1978. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí gbogbo ilé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ti ìwé ìròyìn National Geographic yàtọ̀. Ní oṣù Kejì 1982, wọ́n fi kọ̀ǹpútà sún àwọn pírámíìdì Giza mọ́ ara wọn kí àwòrán náà lè gba ojú ìwé. Òǹkàwé kò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn ńlá. Photoshop jáde ní 1990. Nígbà tó di 2020, ó ti lè fi ojú ọ̀run mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀.

Kí ló kan àwa ará Alímọ̀ṣọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ààtàn Solous ní Ìgándò. Bí ẹnì kan bá ya agbègbè náà, tó sì pa èéfín rẹ́ kí àwòrán lè dára, ó ti pa ẹ̀rí rẹ́. Bí ẹlòmíràn bá sì mú kí èéfín náà dúdú ju bó ṣe rí lọ kí ìjọba lè tètè dáhùn, òun náà ti ba ẹjọ́ aráàlú jẹ́. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, wọn kò ní gba èéfín gidi gbọ́ mọ́.

Èmi kò sọ pé kí a má fi àwọ̀ ṣeré. Kí fọ́tò ọjọ́ ìbí tàn bí ó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí a bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èyí tí a kọ́kọ́ yà, kí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á, kí a sì sọ ohun tí a bá yí padà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni yóò fi ka ìtàn wa.