Ìtàn omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó



Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn omi. Bí ẹ bá fi omi òjò fọ aṣọ, ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n omi kànga mìíràn wà, omi ẹ̀rọ mìíràn náà sì wà, tí ẹ ó fi ọṣẹ ra aṣọ títí tí kò ní hó. Ìdọ̀tí funfun ni yóò máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àti etí ọpọ́n. Bí ẹ bá se omi náà léraléra, èépá funfun yóò mú inú ìkòkò. Bí ẹ bá fi se ẹ̀wà, kò ní tètè jinná. Omi bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní omi líle. Omi òjò ní tirẹ̀ jẹ́ omi rírọ̀.

Kí ni ó mú kí omi le? Òkúta ẹfun ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi a wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí ó bá kan òkúta ẹfun níbẹ̀, díẹ̀ nínú òkúta náà yóò yọ́ sínú rẹ̀. Ojú kò lè rí i. Irú òkúta yìí wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Onígbólò, lápá Pobè. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Cavendish yẹ omi kànga kan wò ní ìlú náà. Ní ọdún 1767, ó tẹ ohun tí ó rí jáde. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú omi náà, òun ni ó jẹ́ kí ẹfun yọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a bá se omi náà, afẹ́fẹ́ yìí a jáde lọ, ẹfun a sì rì sí ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èépá fi ń mú inú ìkòkò.

Ní ọdún 1841, olùkọ́ kan ní ìlú Aberdeen, Thomas Clark, wá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí a sun òkúta ẹfun nínú iná, kí a sì bù ú sínú omi líle níwọ̀n tí ó yẹ. Ẹ ó ní: ṣé ẹfun ni a tún fi ń lé ẹfun? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹfun sísun yìí a gba afẹ́fẹ́ inú omi, àti ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì a sì jùmọ̀ rì sí ìsàlẹ̀. Clark tún fi ọṣẹ dán omi wò: bí omi bá ṣe le tó ni ọṣẹ tí yóò jẹ kí ó tó hó yóò ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ owó ni èyí jẹ́ fún àwọn tálákà. Ìjọba ilẹ̀ náà ń gba owó orí lórí ọṣẹ títí di ọdún 1853. Alágbàfọ̀ tí omi rẹ̀ le ń san owó ọṣẹ tí kò fọ aṣọ kankan.

Ní ọdún 1859, ìlú Glasgow fa omi wá láti adágún kan tí ń jẹ́ Katrine, tí ó jìnnà ju kìlómítà 50 lọ. Omi rírọ̀ ni. Ọṣẹ tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò dín kù, inú àwọn ìyálé dùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára kì í ṣàìní àléébù. Òjé ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá tí omi ń gbà wọ ilé. Omi líle a máa fi èépá bo inú ọ̀pá, èyí sì ń dáàbò bo ẹni tí ń mu ún. Omi rírọ̀ kò ní èépá. Ó ń jẹ òjé, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Ní ọdún 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹfun sí omi Glasgow kí ó má bàa jẹ òjé mọ́.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù omi líle. Kì í pa ẹni tí ó mu ún. Owó ọṣẹ àti igi ìdáná ni ó ń jẹ. Ẹ má sì rò pé omi rírọ̀ ni omi mímọ́. Omi odò lè hó ọṣẹ dáadáa kí àrùn sì kún inú rẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ bu omi òjò sínú ìgò kan, kí ẹ bu omi kànga sínú èkejì, kí ẹ fi ọṣẹ kan náà sí méjèèjì níwọ̀nba, kí ẹ sì mì wọ́n. Èyí tí kò hó ni ó le. Ẹ gbe omi òjò sínú ìkòkò tí ó ní ìdérí, kí ẹ fi fọ aṣọ. Bí kò bá sí òjò, ẹ rántí omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ láti fi ṣe ọṣẹ: díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa rọ omi fífọṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kán-ún ń ṣe fún ẹ̀wà. Sísè náà ń rọ omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi líle ni ó ń gbọ́ ti iná.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé Cavendish, síbẹ̀ ọwọ́ wọn mọ ohun tí ó yẹ. Àwa tí a ti ń kàwé báyìí ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní méjèèjì. Ó dìgbà kan ná o.