Ìtàn Ìwòsàn Kan fún Sepsis
Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ẹbí lè ta oko kòkó nítorí abẹ́rẹ́ kan. Ní 2017, Paul Marik ti Norfolk, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé òun da fítámì C, thiamine àti hydrocortisone pọ̀ fún aláìsàn 47: 4 péré ni ó kú. Nínú 47 tí kò gbà á, 19 ni ó kú. Ṣùgbọ́n oṣù tí ó ti kọjá ni a tọ́jú àwọn wọ̀nyí. Èmi òpìtàn kì í ka irú àfiwé bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rí. Ní 2020, a dán an wò lára ènìyàn 216 ní Ọsirélíà, New Zealand àti Brazil. Kò sàn ju hydrocortisone nìkan lọ. Ní 2022, fítámì C nìkan tilẹ̀ pa àwọn mìíràn lára. Oògùn apakòkòrò ni kí a tètè wá lọ sí Ìdó-Èkìtì, kí ilẹ̀ tó ṣú.