Ray Hunt: Àrólé Epo Rọ̀bì Tí Kì í Pariwo

Ní ọdún 1943 ni wọ́n bí Ray Lee Hunt, tó jogún ilé-iṣẹ́ Hunt Oil ní ìlú Dallas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀, H. L. Hunt, ni ó ra ilẹ̀ epo lọ́wọ́ ọkùnrin awapo kan, Dad Joiner, ní ìlà-oòrùn Texas ní 1930, ilẹ̀ náà ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ olówó. Obìnrin mẹ́ta ló bímọ fún un. Lyda, ìyáálé, kú ní 1955. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Hunt gbé Ruth Ray, ìyá Ray, níyàwó.

Nígbà tí bàbá kú ní ìparí 1974, ìwé ìhágún rẹ̀ ya àwọn ọmọ Lyda lẹ́nu. Ruth ni ó fún ní ìpín rẹ̀ nínú Hunt Oil. Ray, ẹni ọdún 31, nìkan ni ó sì fi ṣe alámòójútó ogún. Ẹni tó bá mọ ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ọ̀nà méjì tí Yorùbá ń gbà pín ogún, yóò rí i pé ogún yìí kò bá èyíkéyìí mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ Lyda kò ṣófo: ilé-iṣẹ́ Placid Oil àti Penrod Drilling ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́.

Méjì nínú àwọn ọbàkan Ray wọ̀nyí, Nelson Bunker àti William Herbert, ni ayé mọ̀ jù. Wọ́n ra fàdákà jọ títí owó rẹ̀ fi tó nǹkan bí 50 dọ́là fún áúǹsì kan ní January 1980. Ní oṣù kẹta ọdún náà ọjà fọ́, gbèsè sì wọlé dé. Ray kò bá wọn dá sí i.

Epo ló gbájú mọ́. Ní 1981 ó gba ẹ̀tọ́ láti wá epo ní Marib, ní Yemen Àríwá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí epo rí. Epo jáde ní 1984. George Bush, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ bá wọn ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo níbẹ̀ ní 1986, nígbà tó sì di 1987, epo Marib ti ń gba inú ọ̀pá lọ sí Òkun Pupa fún títà sókè òkun. Yemen gba ilẹ̀ epo náà padà nígbà tí àdéhùn parí ní 2005. Ní Peru, Hunt Oil ló ṣáájú àwọn tó kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di olómi, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ìdákẹ́jẹ́ Ray kì í ṣe ìwà nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìdílé ni Hunt Oil, wọn kì í ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí náà kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa ka èrè àti àdánù wọn sétí aráàlú. Àmọ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lè lágbára: ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba Ààrẹ George W. Bush nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwádìí abẹ́lẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ní 2007, nígbà tí Hunt Oil bá ìjọba ẹkùn Kurdistan ní Iraq ṣe àdéhùn epo, ìjọba Baghdad ní kò bófin mu. Ìyẹn ni ìgbà kan tí orúkọ Ray tàn ká nínú ìwé ìròyìn. Hunter Hunt, ọmọ rẹ̀, ti wà lára àwọn tó ń darí okòwò ìdílé náà.