Bí A Ṣe Ń Ka Àkọsílẹ̀ Ẹrù Ilé Ayé Àtijọ́ Kí Ó Má Baà Dìjà

Ìdílé tó ń gbé ní Festac, Satellite Town tàbí ibòmíràn ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí orírun rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Àgbádárìgì, lè bá ìwé kan tó ti gbó nídìí àpótí ìyá àgbà: àkọsílẹ̀ ẹrù tí olóògbé kan fi sílẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1861. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé ẹbí bá di ẹjọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jáde. Bí wọ́n bá ṣì í kà, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lè pàdánù.

Lẹ́tà ló ṣáájú ìtumọ̀

Kò yẹ kí ènìyàn máa méfò. Kí a kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó dájú, bí orúkọ ìlú, orúkọ oṣù tàbí ti olóògbé, kí a wo bí akọ̀wé náà ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a wá fi wé ọ̀rọ̀ tó rú wa lójú. Láyé ọjọ́un, àwọn akọ̀wé mìíràn a máa fa s àkọ́kọ́ gùn níbi tí s méjì bá ti tẹ̀lé ara wọn, yóò sì dà bí f. Nítorí náà, "brafs" kì í ṣe nǹkan àjèjì. "Brass" ni, ìyẹn idẹ. "Do" tó tò sísàlẹ̀ ara wọn kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ìkékúrú "ditto" ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "bákan náà bíi ti òkè".

Owó inú rẹ̀

Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan, ṣílè 20 sì ni pọ́n-ùn kan. Nínú àmì £ s d, d ló dúró fún kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, nítorí láti inú orúkọ owó àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti wá. "5/6" kì í ṣe ọjọ́ oṣù. Ṣílè márùn-ún àti sísì ni. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, £1 di ₦2, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ 10. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé àga tí wọ́n kọ £1 sí lọ́dún 1890 kò ju ₦2 lọ lónìí.

Bó bá jẹ́ owó ẹyọ ni wọ́n kọ, okùn kan jẹ́ ẹyọ 40, okùn 50 sì ni ẹgbàá, èyí tí òyìnbó ń pè ní "head". Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tó ti yí padà

"Press" nínú yàrá kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Àpótí gíga tí a ń to aṣọ sí ni. "Demijohn" ni ìgò ńlá tí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀ sí lára.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn náà ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Bí "etu" bá tẹ̀lé "alari" àti "sanyan", aṣọ òfì ni. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ẹ̀tù ìbọn ni.

Èyí tó léwu jù ni ọ̀rọ̀ tó bá kan ènìyàn. L'Ékòó ọ̀rúndún kọkàndínlógún, "domestic" lè jẹ́ ẹrú tàbí ẹni tó ti jẹ́ ẹrú tó ṣì wà lábẹ́ olówó rẹ̀. "Pawn" sì lè jẹ́ ìwọ̀fà, kì í ṣe ohun ìdógò lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àrọ́tà nínú ilé ẹbí ti dé ilé ẹjọ́ l'Ékòó, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ojú ọmọ ọ̀dọ̀ òde òní wò.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí CMS tẹ̀ jáde lọ́dún 1913 wúlò fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ilé Àpamọ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ìwé ìjọba àtijọ́ tí a lè fi ti ẹni wé.

Kí ìdílé ya fọ́tò ìwé náà, kí wọ́n tún un kọ sórí bébà mìíràn ní ìlà dé ìlà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ibi tí kò bá hàn, kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bírò tún ojúlówó kọ, nítorí ìlà kan ṣoṣo tí a fi kún un lè sọ ẹ̀rí tòótọ́ di ayédèrú lójú adájọ́.