Níbo Ni Ká Sin Eérú Sí? Ìdáhùn Ìtàn fún Ilé Kan ní Alékúwodò

Ìkòkò kékeré kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ìyá mi ní Alékúwodò, ní Òṣogbo. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀. Eérú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù la máa ń pè wọ́n. Ọ̀hún ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ọ̀hún ni wọ́n ti bímọ, ọ̀hún náà ni wọ́n kú sí. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n dáná sun òkú àwọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè torí àtigbé pósí wọ bàálù. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé eérú náà wá sílé.

Ìpàdé ẹbí mẹ́ta la ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní Iléṣà ni ká gbé e lọ, nítorí ibẹ̀ ni orírun wa. Àwọn kan ní ká sin ín síwájú ilé ní Alékúwodò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá wọn. Ọmọ wọn ní odò Ọ̀ṣun ló wu òun kí òun dà á sí. Ẹnì kan tún dìde, ó ní eérú kì í ṣe òkú, pé kò sí ohun tí a fẹ́ sin níbẹ̀, ká dà á sínú igbó kí ọ̀rọ̀ tán. Màmá kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, wọ́n pè mí, wọ́n ní: "Ìwọ tó ń ka ìtàn ní yunifásítì, àwọn tó ṣáájú wa ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí àjò?"

Ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ wá ìdáhùn fún Màmá ni mo kọ síbí yìí. Mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti ń dé.

Ibi tí a sin òkú sí ń sọ̀rọ̀

Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sin bàbá síbẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa gbé inú ilé náà lọ. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò sí níta. Lójú wọn, bàbá tó kú kò tíì kúrò nínú ẹbí. Ojú oórì rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ gbéyàwó tàbí bí ọ̀nà bá dí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ló ń wọlé. Ẹni tí àrá bá pa, àwọn oníṣàngó ló ni òkú rẹ̀. Ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná bá pa, àwọn àwòrò òrìṣà náà ló ń gbé e lọ sínú igbó. Aboyún tó bá kú pẹ̀lú oyún nínú, ètùtù ni wọ́n máa ń ṣe lórí rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, kì í sì í ṣe inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí. Àbíkú ńkọ́? Wọ́n a máa dáná sun òkú rẹ̀ nígbà mìíràn, kó má baà tún padà wá.

Ẹ wò ó dáadáa. Iná àti igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú àṣà wa. Ìdájọ́ ni wọ́n: wọ́n ń sọ pé ikú yìí kì í ṣe ikú ire, tàbí pé a kò fẹ́ kí ẹni yìí padà wá bá wa. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí wa sọ pé ká lọ da eérú náà sínú igbó, bóyá kò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ ọ. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n bímọ, wọ́n rí ọmọ ọmọ. Ikú àgbà ni wọ́n kú. Iná Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú iná tí wọ́n fi ń sun àbíkú. Ní Bìrìtìkó, ọdún 1885 ni wọ́n kọ́kọ́ dáná sun òkú lọ́nà òfin ní Woking, òfin tó ń ṣàkóso rẹ̀ sì jáde ní 1902. Lónìí, nínú òkú mẹ́rin tó bá kú níbẹ̀, ó tó mẹ́ta tí wọ́n ń sun. Àṣà ìlú tí wọ́n gbé ni. Kò sí ẹni tó fi ṣe ìdájọ́ wọn.

Ẹ̀ta: òkú tó wálé díẹ̀díẹ̀

Nígbà tí mo ń wá ohun tí àwọn baba wa ń ṣe fún ẹni tó kú sí àjò, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí n kò gbọ́ rí: ẹ̀ta. A. B. Ellis, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí àwọn Yorùbá ní 1894. Ó ní bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn ẹbí rẹ̀ a sa gbogbo ipá wọn láti rí irun orí rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ gbà. Bí wọn kò bá rí ìyẹn, wọ́n a gba aṣọ tó ti wọ̀. Èyí tó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni ẹ̀ta. Orí ẹ̀ta yìí ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ètò ìsìnkú nílé, bí ẹni pé odindi òkú ló wà níwájú wọn.

Ẹ ronú sí i. Kò sí mọ́ṣúárì, kò sí ọkọ̀ òfuurufú, òkú ọjọ́ mẹ́wàá kò sì ṣeé rù wá láti ojú ogun tàbí ọ̀nà òwò. Àwọn baba wa kò wá sọ pé nítorí odindi ara kò sí, kò sí òkú. Wọ́n gbà pé díẹ̀ lára ènìyàn tó fún gbogbo rẹ̀ láti wálé. Àjò kò dùn kí onílé má relé, wọ́n sì mú kí ẹni tó kú náà rí ọ̀nà relé.

Mo ka èyí fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ẹbí kan kú sí Kùmásì, nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n gbé dé, nínú aṣọ funfun. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin fìlà náà, wọ́n sì ṣe òkú fún ọjọ́ méje. "Èmi rò pé fìlà lásán ni wọ́n sin nígbà náà," ni Màmá wí.

Bí fìlà bá lè jẹ́ òkú, eérú kò lè ṣàì jẹ́ òkú. Irun àti èékánná kò tó nǹkan kan lára ènìyàn, eérú sì ni gbogbo ohun tó ṣẹ́kù.

Òfin dé, ṣùgbọ́n ilé kò kúrò

Ìbéèrè tó kù ni ibi tí a ó sin ín sí. Níbí, ìtàn ilé wa náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, òwò sì gbòòrò. Lára àwọn tó jẹ nínú rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí à ń pè ní Òṣómàáló, nítorí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó títí yóò fi san. Bàbá bàbá Bàbá Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn. Ó bá òwò aṣọ wá láti Iléṣà, kò sì padà mọ́. Ìyẹn ni pé ilé wa ní Alékúwodò fúnra rẹ̀, ilé àjò ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sin ẹni àkọ́kọ́ síbẹ̀ ló di ilé.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn àṣà ìsìnkú sínú ilé. Wọ́n gbé ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan kalẹ̀ ní 1916, òun sì ni òbí èyí tó wà ní ìhà gúúsù Nàìjíríà lónìí. Abala 246 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá sin òkú sínú ilé, àgbàlá tàbí ọgbà, tàbí sí ibi tí kò jìnnà tó ọgọ́rùn-ún yáàdì sí ilé gbígbé, láìgba àṣẹ Ààrẹ tàbí Gómìnà, lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ bá mi rìn láti Ọláìyá dé Alékúwodò kẹ́ ẹ wo iye ibojì tó wà níwájú ilé, tí wọ́n lẹ táìlì funfun mọ́. Òkú kúrò nínú yàrá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọjá iwájú ilé. Ní Èkó, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fọwọ́ sí òfin tó fàyè gba sísun òkú fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ láti ọdún 2013, síbẹ̀ àwọn tó ń yàn án láàrin wa kò pọ̀.

Ènìyàn méjì tí ibi ìsinmi wọn kọ́ mi lọ́gbọ́n

Ẹnì kìíní ni George Padmore, ọmọ Trinidad tó jà fún òmìnira Áfíríkà, tó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn Kwame Nkrumah. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1959. Wọ́n dáná sun òkú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbé eérú rẹ̀ wá sí Akira. Nkrumah kò wá inú igbó tàbí òkun fún un. Ó sin ín sí Christiansborg, odi tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kọ́ sí etí òkun, tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó sọdá òkun ni ìran Padmore ti ṣẹ̀, ó sì padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá eérú jẹ́ òkú. Ohun tí Nkrumah bi ara rẹ̀ ni pé níbo ni ọkùnrin yìí ti jẹ́ ọmọ ilé.

Ẹnì kejì, tiwa ni ní Òṣogbo: Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Wọ́n bí i ní Graz, ní Austria, ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó di olórìṣà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí sì tún igbó Ọ̀ṣun ṣe nígbà tí wọ́n ti ń gé igi rẹ̀ tà. Igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Nígbà tí Àdùnní kú ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, ó jẹ́ ẹni ọdún 93. Wọn kò gbé e lọ sí Austria. Inú igbó náà ni wọ́n sin ín sí. Igbó tó jẹ́ ìtìjú fún òkú mìíràn di ibi ọ̀wọ̀ fún un, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń rántí rẹ̀ ń wá.

Ẹ̀sìn náà kò sí lẹ́yìn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fàyè gba sísun òkú rárá, èyí sì kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Òṣogbo. Ìjọ Kátólíìkì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìfòfindè rẹ̀ ní 1963, ṣùgbọ́n ní 2016 Róòmù tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fọ́n eérú ká. Ibi mímọ́ ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ìjọ Áńgílíkà ni tiwa. William Temple tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury kú ní 1944, wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì sin eérú rẹ̀ sí ọgbà Kàtídírà náà. Ẹ rí i pé àwọn tó gbà á pàápàá, sínsin ni wọ́n sin eérú.

Ibi tí mo bá a dé

Mo padà lọ bá Màmá pẹ̀lú ìdáhùn yìí. Odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ibi ìsìnkú. Àwọn ènìyàn ń bu omi rẹ̀ mu fún ìwòsàn, wọn kì í pa ẹja inú rẹ̀ nínú igbó náà, arugbá sì ń ru igbá lọ sí etí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ràn odò náà, ká máa lọ síbẹ̀ rántí wọn, ká má da òkú sí omi tí ẹlòmíràn ń mu. Iléṣà ni orírun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló kù níbẹ̀ tí yóò ro koríko ojú oórì wọn? Ẹ̀ta kì í lọ síbi tí ìdílé ti ṣẹ̀. Ibi tí àwọn tó máa ṣe òkú wà ló ń lọ. Ibẹ̀ sì ni Alékúwodò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ní ti òfin tó sọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún yáàdì, mo ní ká lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Ọmọ wọn obìnrin sunkún nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ odò náà. Màmá ló dá a lóhùn. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n ní ìwọ lọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, ibi tí o bá lè wá jókòó sí nígbà tó o bá wálé ni kí á sin ín sí. Ó ní ìwájú ilé dára, kó lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa wò ó.

A kò tíì mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ti gbé ìkòkò náà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà báyìí, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ẹ̀ta rí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé fìlà lásán ni.